Nígbà Tí Prógíráàmù Bá Ń Ṣe Ségesège Lórí Core Púpọ̀

Ẹni tó bá ti kọ prógíráàmù tó ń lo ọ̀pọ̀ thread rí á mọ ìyọnu yìí. Ẹ lò ó lánàá, ó dáhùn bó ṣe yẹ. Ẹ lò ó láàárọ̀ yìí, ó dáhùn bó ṣe yẹ. Ó dé ọwọ́ oníbàárà, ó gbé ìdáhùn mìíràn jáde, tàbí kó kàn há síbì kan tí kò lọ síwájú, tí kò sì padà sẹ́yìn. Ẹ gbé e padà wálé pé kó ṣe é lójú yín, kò ṣe é mọ́. Kóòdù kan náà ni, dátà kan náà ni. Ohun tó yí padà ni bí àwọn thread ṣe gba iwájú ara wọn, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí ojú lè rí.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n máa lò ó lálòtúnlò títí ọkàn wọn yóò fi balẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Pé prógíráàmù yege nínú ìdánwò kò fi hàn pé ó tọ́. Edward Lee, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, sọ irú ìtàn yìí nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, The Problem with Threads, tó jáde ní ọdún 2006. Láti ọdún 2000 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ apá tó ń lo thread nínú prógíráàmù wọn tó ń jẹ́ Ptolemy II. Wọ́n ṣọ́ra gan-an: àwọn ẹlòmíràn yẹ kóòdù náà wò, ìdánwò tí wọ́n kọ kárí gbogbo rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń lò ó. Ọdún mẹ́rin kọjá láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2004, ó há. Àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn thread ni kò tíì tẹ̀ léra lọ́nà tí yóò fi yọjú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú irinṣẹ́ èyíkéyìí. Dátà wo ni thread tó ju ẹyọ kan lọ ń fọwọ́ kàn? Kí ló ń ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Ẹ mú bébà, ẹ to orúkọ àwọn dátà náà sí apá kan, kí ẹ kọ mutex (àgádágodo tó ń jẹ́ kí thread kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀kan) tó ń ṣọ́ wọn sí apá kejì. Níbi tí ẹ kò bá ti rí ohun tí ẹ máa kọ sí apá kejì, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo irinṣẹ́ tí mo máa dárúkọ, wọ́n wà láti bá yín dáhùn ìbéèrè méjì yìí ni.

Kò sí ibi téèyàn fẹ́ sá sí lọ́wọ́ core púpọ̀ mọ́. IBM fi core méjì sórí chip kan ní ọdún 2001 nígbà tó gbé POWER4 jáde. Nígbà tó di ọdún 2005, AMD àti Intel ti gbé e dé orí tábìlì gbogbo wa. Ooru ló fà á: bí wọ́n ṣe ń mú kí core kan ṣoṣo máa sáré sí i ni chip ń gbóná sí i, ni wọ́n bá yà sí ọ̀nà mìíràn. Lónìí, fóònù Android tó ní core 8 ti kún ọjà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìṣòro yìí sábà máa ń gbà yọjú: kí ìdáhùn ṣì tàbí kí prógíráàmù kú lójijì, kí ó há, kí ó máa fà nígbà tó yẹ kó máa sáré. Ọ̀nà tí à ń gbà wá ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà ẹ má fi ti ọ̀kan wá ti èkejì.

Kí ẹ tó ṣí debugger rárá, ẹ dín thread kù sí ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ OpenMP lẹ ń lò, ẹ kọ OMP_NUM_THREADS=1 síwájú orúkọ prógíráàmù yín, ó parí. Bí àṣìṣe náà bá ṣì wà, kò kan core púpọ̀ rárá, ẹ wá a bí ẹ ṣe ń wá àṣìṣe yòókù. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ làwọn ènìyàn ti fi ṣòfò, tí wọ́n ń bá mutex jà, nígbà tó jẹ́ pé loop wọn ló kọjá òpin array.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá iye thread padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kí ẹ sé gbogbo wọn mọ́ orí core kan:

taskset -c 0 ./isiro

Ìdánwò méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú èyí èkejì, àwọn thread ṣì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Linux lè dá ọ̀kan dúró láàárín iṣẹ́ kó sì gbé àyè fún òmíràn, nítorí náà àṣìṣe ṣì lè yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní í yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra lórí core 8 tí kò sì ṣẹlẹ̀ rárá lórí ẹyọ kan, ẹ fura pé ó ń fẹ́ kí thread méjì dé ibì kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, tàbí pé ọ̀rọ̀ bí mẹ́mórì ṣe ń tẹ̀ léra ló wà níbẹ̀; màá dé ibẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, pẹ̀lú iye core tí nproc sọ fún yín, irú compiler tí ẹ lò, àti bóyá -O0 ni tàbí -O2.

Nígbà tí ìdáhùn bá ṣì

Ẹ jẹ́ ká wo kóòdù tó kéré jù lọ. Thread méjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe iye++ nígbà 1,000,000. Ó yẹ kó jẹ́ 2,000,000 ní ìparí. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dín, iye tó sì fi ń dín kì í dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí ni pé ohun tó dà bí iṣẹ́ kan lójú wa, mẹ́ta ni lójú core: ó ka iye láti inú mẹ́mórì, ó fi 1 kún un, ó dá a padà síbẹ̀. Bí akọ̀wé méjì tó ń lo ìwé àjọ kan ṣoṣo ló rí. Èkíní wò ó, ó rí 500; kó tó kọ 501 sílẹ̀, èkejì ti wò ó, òun náà rí 500. Àwọn méjèèjì kọ 501. Ènìyàn méjì ló sanwó, ìwé sì gbà pé ẹnì kan ló san.

Ohun kan wà níbí tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá fi -O2 kọ́ kóòdù yìí, compiler lè rí i pé ohun kan náà ni loop ń ṣe, kó sì sọ gbogbo rẹ̀ di àròpọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdáhùn yóò jáde ní 2,000,000 géérégé. Àṣìṣe kò lọ. Àyè tó ní láti yọjú ló kéré sí i. Ẹni tó bá ń fi ojú ìdáhùn nìkan wo nǹkan á sọ pé òun ti tún un ṣe.

Irinṣẹ́ tí mo máa kọ́kọ́ gbé fún irú èyí ni ThreadSanitizer. Google ló ṣe é, ó sì wà nínú GCC àti Clang láìgba kọ́bọ̀. Ẹ kàn tún prógíráàmù yín kọ́ báyìí:

g++ -g -O1 -fsanitize=thread isiro.cpp -o isiro

Kí ẹ wá lò ó. Bó bá rí nǹkan, á kọ ìròyìn gígùn tó máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ẹ má sá. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ wá nínú rẹ̀. Ẹ ó rí ibi tó kọ Write of size 4 tó sì dárúkọ thread kan, bíi T2. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ fáìlì àti ìlà tí thread náà wà. Ẹ ó tún rí Previous write tàbí Previous read, tí í ṣe ti thread kejì, pẹ̀lú fáìlì àti ìlà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Location, tí yóò sọ dátà tí àwọn méjèèjì jọ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́: Location is global 'iye'. Ìlà méjì àti dátà kan. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ti rí ìdáhùn.

Ti ìbéèrè kejì, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwọn ìlà Write àti Previous yẹn bóyá ẹ ó rí ọ̀rọ̀ náà mutexes. Bí ti T2 bá ní M1 tí ti T1 kò sì ní nǹkan kan, T1 ló gbàgbé láti gba mutex kó tó wọlé. Bí ti ọ̀kan bá jẹ́ M1 tí ti èkejì jẹ́ M2, ìyẹn léwu jù, nítorí ẹni tó kọ kóòdù náà gbà pé òun ti ṣọ́ ọ: mutex wà lápá ọ̀tún, mutex wà lápá òsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí náà kò sí ẹni tó ń dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí ni pé kò dúró de ìgbà tí ìdáhùn bá ṣì. Ohun tó ń ṣọ́ ni bóyá nǹkan kan wà tó mú kí iṣẹ́ thread kan ṣáájú ti èkejì dájúdájú, èrò tí Leslie Lamport gbé kalẹ̀ ní ọdún 1978. Bí kò bá sí, á pariwo, ì báà jẹ́ pé 2,000,000 ló jáde. Ó ní owó tó ń gbà o: prógíráàmù yóò lọ́ra ní ìlọ́po 5 sí 15, á sì jẹ mẹ́mórì ní ìlọ́po 5 sí 10. Kóòdù tí kò bá sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò lè sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí náà ẹ fún prógíráàmù náà ní oríṣiríṣi dátà. Ẹni tó ń lo OpenMP pẹ̀lú GCC gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìròyìn èké á pọ̀, nítorí pé ThreadSanitizer kì í rí barrier tó wà nínú libgomp. Ẹ lo Clang pẹ̀lú Archer, ìyẹn mọ OpenMP dáadáa. Bí ẹ kò bá lè tún prógíráàmù kọ́, ẹ lo valgrind --tool=helgrind, kí ẹ sì ní sùúrù gidi. Àwọn tó ń kọ Go kò ní wàhálà púpọ̀: go test -race ti wà láti ọdún 2013.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbi tí mo ń lọ yìí, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù. ThreadSanitizer lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí àṣìṣe ṣì wà. Ẹ wo àkáǹtì kan tó ní náírà 10,000. Thread méjì fẹ́ yọ 8,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó kọ kóòdù ṣe báyìí: gba mutex, ka iye owó, fi mutex sílẹ̀, bí owó bá tó, gba mutex, yọ 8,000 kúrò, fi mutex sílẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan owó láìní mutex lọ́wọ́, irinṣẹ́ kò sì rí ẹjọ́ kankan rò. Ṣùgbọ́n thread méjèèjì ka 10,000, àwọn méjèèjì gbà pé owó tó, àwọn méjèèjì yọ ọ́. Àkáǹtì wá wà ní òdo dín 6,000. Mutex wà, àlàfo wà láàárín yíyẹ̀ wò àti yíyọ. Ọ̀nà àtúnṣe ni kí thread gba mutex lẹ́ẹ̀kan, kó yẹ owó wò, kó yọ ọ́, kó tó fi í sílẹ̀. Láti rí irú èyí, ẹ kọ gbólóhùn tó gbọ́dọ̀ máa jẹ́ òtítọ́ nígbà gbogbo sílẹ̀, bíi "owó kò gbọ́dọ̀ kéré sí òdo", kí ẹ wá tọ kóòdù lọ ní ìlà-ìlà láti wá ibi tí mutex ti kúrò lọ́wọ́ kí gbólóhùn náà tó dájú.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn function àtijọ́ C tó ń fi nǹkan pamọ́ sínú. strtok àti localtime ní ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo thread jọ ń lò. strtok_r àti localtime_r ni kí ẹ fi rọ́pò wọn.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kì í ṣe àṣìṣe. Bí ẹ bá ro nọ́ńbà oníkóńdó púpọ̀ pọ̀ pẹ̀lú thread 8, àwọn dígíìtì tó gbẹ̀yìn lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti thread kan, kódà pẹ̀lú reduction tó tọ́. Kọ̀ǹpútà ń gé nọ́ńbà níwọ̀n bí àyè rẹ̀ ti mọ, nítorí náà bí ẹ bá yí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra padà, ibi tó ti gé e náà yóò yí. Ẹ pinnu ìyàtọ̀ tí ẹ lè gbà, kí ìdánwò yín sì lò ó, dípò kó máa wá ọgbọọgba.

Bí ẹ ṣe lè mú kó yọjú

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ni pé kí a fi printf sáàárín kóòdù. Ẹ fi í sí i, àṣìṣe parẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó padà. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. printf ní mutex tirẹ̀ nínú, àwọn thread ń tò níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tò sì ti yí bí wọ́n ṣe ń pàdé padà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe àkọsílẹ̀, ẹ fún thread kọ̀ọ̀kan ní array tirẹ̀, kó máa kọ àkókò àti ohun tó ṣe síbẹ̀, kí ẹ tó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Sleep ńkọ́? Ẹni tó bá fi sleep tún prógíráàmù ṣe kò tún nǹkan kan ṣe. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá yára tàbí tó lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ á tú. Ṣùgbọ́n sleep wúlò gan-an fún fífa àṣìṣe jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, iná mànàmáná kú ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Ontario ní Kánádà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló wà nínú òkùnkùn. Prógíráàmù kọ́ ló pa iná. Igi tó kan wáyà wà lára ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n prógíráàmù tó yẹ kó ta àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná FirstEnergy ní Ohio lólobó ti há, wọn kò sì mọ̀. Race, ìyẹn kí thread méjì fọwọ́ kan dátà kan náà láìsí ohun tó tò wọ́n, ló wà nínú rẹ̀, àyè tó fi lè ṣẹlẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ General Electric ń wá a, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdádúró sínú kóòdù, wọ́n sì ń rọ́ ìkìlọ̀ lu prógíráàmù náà títí tó fi há lójú wọn. Ohun tí èmi náà máa gbà yín níyànjú nìyẹn: níbi tí ẹ bá fura sí, láàárín kíkà àti kíkọ, ẹ fi sleep kékeré síbẹ̀. Bí ìfura yín bá tọ́, àṣìṣe tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù á máa yọjú ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ti mú un tán, ẹ yọ sleep náà kúrò.

Ẹ tún lè fún un ní thread tó ju iye core lọ, ìlọ́po mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, kí ẹ sì fi stress-ng dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá wá rí i mú, ẹ jẹ́ kí rr gbà á sílẹ̀ fún yín. Mozilla ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ rr record --chaos ./isiro, kí ẹ máa tún un ṣe títí yóò fi kọsẹ̀. Láti ìgbà náà, rr replay á máa fi ìkọsẹ̀ kan náà hàn yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, iye ìgbà tó bá wù yín. Ẹ lè kọ watch iye, kí ẹ sì kọ reverse-continue, á padà sẹ́yìn lọ bá ẹni tó kọ nǹkan síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ibi tó kù sí ni pé orí core kan ló ń to gbogbo thread sí, nítorí náà kò lè mú àṣìṣe tó bá jẹ́ ti bí mẹ́mórì ṣe ń tẹ̀ léra; ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àyálò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Nígbà tó bá há

Ẹ má pa á! Prógíráàmù tó há ti mú ẹ̀rí dání, àfi kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4127. Ẹ kọ top -H -p 4127. Bí gbogbo thread bá wà ní 0%, wọ́n ń dúró de ara wọn. Bí àwọn kan bá wà ní 100%, wọn kò sùn, wọ́n ń yí lójú kan náà, ẹ wá loop tí kò lópin.

Ẹ fi gcore 4127 gba àwòrán rẹ̀ pamọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi gdb -p 4127 wọlé. Bí Linux bá kọ̀ fún yín, ẹ fi sudo síwájú. Nínú rẹ̀, ẹ kọ thread apply all bt. Ẹ wá àwọn thread tí òkè wọn jẹ́ __lll_lock_wait tàbí futex_wait; àwọn ló ń dúró de mutex. Ẹ yan ọ̀kan, ká ní LWP 4130 (nọ́ńbà tí Linux fi mọ thread náà), ẹ fi frame bọ́ sínú function tiyín tó ń béèrè mutex náà, kí ẹ wá béèrè ẹni tó dì í mú:

print m._M_mutex.__data.__owner

Bí ẹ ṣe máa bi std::mutex nìyẹn lórí Linux. Bó bá jẹ́ pthread_mutex_t ni, m.__data.__owner tó. Nọ́ńbà kan á jáde, ká ní 4131. Ẹ kọ info threads, ẹ wá LWP 4131, ẹ wo ohun tí òun náà ń dúró de, kí ẹ béèrè ìbéèrè kan náà. Bó bá dáhùn 4130, ó tán: 4130 ń dúró de 4131, 4131 ń dúró de 4130. Ó lè jẹ́ thread mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yí ara wọn ká bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ lé nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà tó jáde kò bá sí nínú info threads rárá, thread tó gba mutex náà ti parí iṣẹ́ lọ láìfi í sílẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé return tàbí exception ló gbé e jáde kó tó dé unlock. std::lock_guard ni kí ẹ máa lò, òun á fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Coffman, Elphick àti Shoshani ló to ohun mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ pé kí irú èyí tó lè ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1971: mutex jẹ́ ti ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó di ọ̀kan mú ń béèrè òmíràn, kò sí ẹni tó lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdúródè náà sì yí po. Èyí tó kẹ́yìn ló rọrùn jù láti fọ́. Ẹ fún gbogbo mutex ní ipò, kí thread èyíkéyìí máa gbà wọ́n láti kékeré sí ńlá. Bí ẹ bá fẹ́ gbé owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn, mutex àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, ibi yòówù kí owó máa lọ. Nínú C++17, std::scoped_lock lè gba méjèèjì pọ̀ láìsí ewu. Ní ti Java, jstack á bá yín wá ẹni tó há mọ́ ẹni, á sì kọ ọ́ gbangba.

Bó bá jẹ́ inú pthread_cond_wait ni thread sùn sí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹnì kan ti jí i kó tó sùn, tàbí kò sẹ́ni tó jí i rárá. Ẹ rí i pé ẹni tó ń yí àmì tí thread náà ń dúró de padà di mutex mú nígbà tó ń yí i, kí ẹni tó ń dúró sì fi while yẹ àmì náà wò. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ if, nítorí thread lè jí láìsí ẹni tó pè é.

Ó dára lórí Intel, ó bàjẹ́ lórí ARM

Thread kan kọ dátà sílẹ̀, ó wá sọ setan di true. Èkejì ń dúró de setan kó tó ka dátà náà. Lórí Intel àti AMD, ohun tí core kan kọ máa ń hàn sí core yòókù bó ṣe kọ ọ́ tẹ̀ léra, nítorí náà kóòdù yìí lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. ARM kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù, lórí Raspberry Pi, lórí Mac tó ń lo chip M1 tó jáde ní ọdún 2020, thread kejì lè rí setan kó tó rí dátà, á sì ka ohun àtijọ́. Kódà lórí Intel, -O2 lè mú kí compiler ka setan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí loop wá yí títí ayé. Ẹ sọ setan di std::atomic<bool>, kí ẹ má sì fọwọ́ kan memory_order títí tí ẹ ó fi wọn iyára rẹ̀ tí ẹ sì rí i pé ó pọn dandan. volatile kò lè ṣe iṣẹ́ yìí nínú C àti C++. Ti Java ló yàtọ̀.

Nígbà tó bá tọ́ ṣùgbọ́n tó ń fà

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ẹ lè retí. Gene Amdahl ti fi hàn láti ọdún 1967 pé bí ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ kò bá ṣe é pín, iyára kò lè kọjá ìlọ́po 20, iye core yòówù kó jẹ́. Bí ẹ bá ti wà nítòsí ibẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú.

Bí prógíráàmù bá ń lọ́ra sí i bí thread ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ wò ó bóyá àwọn thread ń kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Core kì í gbé mẹ́mórì ní ẹyọ-ẹyọ. Odindi ìlà cache ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan: báìtì 64 lórí Intel àti AMD, 128 lórí M1. Ẹ fún thread 8 ní int iye[8], kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, kò sí race níbẹ̀, ṣùgbọ́n báìtì 32 péré ni gbogbo rẹ̀, orí ìlà kan náà ló sì lè wà. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá kọ nǹkan, ó ń já ìlà náà gbà lọ́wọ́ àwọn yòókù. perf c2c record àti perf c2c report á fi ìlà náà hàn yín. Ibi tí HITM (ìgbà tí core kan bá ìlà náà lọ́wọ́ core mìíràn tó ti yí i padà) ti pọ̀ ni kí ẹ wò. alignas(64) lè là wọ́n lórí Intel àti AMD, alignas(128) lórí M1, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí thread kọ̀ọ̀kan máa ṣírò sínú variable tirẹ̀ nínú function, kó kọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kan ní ìparí.

Bó bá sì jẹ́ pé mutex kan ni gbogbo wọn ń tò sí, ẹ kó ìṣirò, kíka fáìlì àti títẹ ọ̀rọ̀ jáde kúrò láàárín lock àti unlock, kó ku kíkọ ìdáhùn nìkan síbẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ tún prógíráàmù náà kọ́ pẹ̀lú -fsanitize=thread lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tún gbólóhùn tó gbọ́dọ̀ máa jẹ́ òtítọ́ yẹn wò, nítorí ibi tí wọ́n ti ń gé mutex kúrú ni ọ̀pọ̀ race tuntun ti ń wọlé.